Kí ni ká máa pe ẹni tó ń tini sógun?

Àwọn kan dábàá “arógunyọ̀” fún ẹni tó ń polongo ogun. Àwọn mìíràn ní “adógunsílẹ̀” ló tọ́. N kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Arógunyọ̀ ló ń dùn mí jù. Orúkọ iyì ni wọ́n ń fi “arógun” bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa: Arógunmásàá ń bẹ, Arógunjó ń bẹ, àwọn ọmọ wọn ṣì ń jẹ́ ẹ dòní. Ẹni tí ogun ká mọ́lé tí kò sá ni wọ́n fi ń kì. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ oríkì akọni di èébú.

Adógunsílẹ̀ sàn díẹ̀, àmọ́ ìbéèrè ta ló kọ́kọ́ nawọ́ ìjà ló ń dáhùn. Nínú ọ̀rọ̀ ogun Kírìjí, ará Ìbàdàn á ní Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí tó pa ajẹ́lẹ̀, aṣojú tí Ìbàdàn fi síbẹ̀, ló dá a sílẹ̀. Ará Èkìtì á ní ìyà tí àwọn ajẹ́lẹ̀ fi ń jẹ wọ́n ni.

Ẹni tó ń ti àwọn tí kò fẹ́ ogun sógun ni à ń wá orúkọ fún. A ti ní “asúnniṣe”; ẹ jẹ́ ká pe eléyìí ní asúnnijagun. Ẹ fi Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, dán an wò. Nígbà tó rọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà lóyè Ìyálóde ní 1874, ẹ̀sùn tó kà sí i lẹ́sẹ̀ ni pé kò bá òun lọ sógun, pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, pé kò sì jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi nígbà tí òun ń bọ̀. Obìnrin tó ti ń fún àwọn olóyè ogun ní ẹ̀tù láwìn! Asúnnijagun ni Látòósà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà lọ, tó sì kú sí àgọ́ Kírìjí ní 1885. Mo mọ̀ pé èyí á bí àwọn kan nínú n'Íbàdàn.

Onílù ogun ń kọ́? Kò sí nínú àwọn asúnnijagun. Ẹni tó ti wà lójú ogun ló ń kì.

Ọ̀rọ̀ yìí tún ṣeé fà gùn: ìsúnnijagun. Àdéhùn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní 1966 lórí ẹ̀tọ́ ará ìlú àti ti òṣèlú sọ ní abala 20 pé kí òfin ka ìpolongo ogun léèwọ̀. Bí a bá túmọ̀ ìyẹn sí “ìdógunsílẹ̀”, ẹni tó ń pariwo ogun lórí rédíò láàárọ̀ lálẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ òfin níwọ̀n ìgbà tí ìbọn kò bá tíì dún. Ìsúnnijagun á mú un.