Owó ẹ̀kọ́ IR (àṣẹ láti máa fi gééjì nìkan fò) fún hẹlikọ́pítà ní Amẹ́ríkà: níbo la ti lè dín in kù?

Olùkọ́: Kí ẹnikẹ́ni tó bá iléèwé dúnàá dúrà, kó kọ́kọ́ ka òfin 61.65 ti FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, dáadáa. Wákàtí 40 tí èèyàn fi gééjì nìkan fò ni wọ́n ń béèrè, 15 nínú rẹ̀ lọ́dọ̀ olùkọ́ tó ní IR hẹlikọ́pítà. Ìrìn àjò jíjìn tí ẹ fi ṣe ọ̀gá ọkọ̀ gbọ́dọ̀ pé wákàtí 50, ṣùgbọ́n 10 péré ló di dandan kó jẹ́ nínú hẹlikọ́pítà. Ẹni tó bá ti ní ìwé àṣẹ bàálù lè fi bàálù Cessna kékeré ṣe 40 tó kù, owó rẹ̀ kò sì tó ti R44, hẹlikọ́pítà kékeré Robinson, rárá. Bó bá ti ní IR bàálù, kò tún ní jókòó ìdánwò ìwé mọ́.

Símúlétọ̀, ẹ̀rọ orí ilẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe bíi pé èèyàn ń fò, ló tẹ̀ lé e. Nínú wákàtí 40 yẹn, AATD (irú tó ga) lè gbà tó 20, BATD (irú tó rọrùn) lè gbà tó 10, bí olùkọ́ bá wà níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi lẹ́tà tí FAA fún ẹ̀rọ náà hàn yín kẹ́ ẹ tó sanwó. Láìsí i, wákàtí wọ̀nyẹn kò wúlò fún ìwé àṣẹ.

Awakọ̀ R44: Òótọ́ lẹ sọ, ọ̀gá. Owó tó ń ṣòfò jù lójú tèmi ni èyí tí wọ́n fi ń kọ́ bọ́tìnnì GPS nígbà tí abẹ̀bẹ̀ ń yí lókè. R44 tí kò ní autopilot, ẹ̀rọ tó ń bá awakọ̀ darí ọkọ̀, kì í dá dúró fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún wà lórí cyclic (ọ̀pá tó ń darí ọkọ̀ síwájú, sẹ́yìn àti sẹ́gbẹ̀ẹ́), ọwọ́ òsì sì gbọ́dọ̀ fi collective (ọ̀pá tó ń gbé ọkọ̀ sókè sódò) sílẹ̀ kó tó yí rédíò. Akẹ́kọ̀ọ́ á tẹrí ba wo bọ́tìnnì, ọwọ́ ọ̀tún á bá orí lọ láìmọ̀, ọkọ̀ á fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, olùkọ́ á ní kí wọ́n tún ìsọ̀kalẹ̀ sí pápákọ̀ tí wọ́n ń dánra wò ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fún friction, ìdè tó ń di collective mú, le díẹ̀. Ẹ wo gééjì attitude, èyí tó ń fi hàn bí ọkọ̀ ṣe fì sí, ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, ẹ tún wò ó kẹ́ ẹ tó tẹ èkejì. Bí ọkọ̀ bá ti gòkè jù, ẹ má ti cyclic síwájú lójijì o. Abẹ̀bẹ̀ Robinson kò fẹ́ kí ara ọkọ̀ fúyẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè pa èèyàn.

Áàpù ìdánrawò GPS Garmin GTN wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé FAA-H-8083-15B, tó ń kọ́ni bí a ṣe ń fi gééjì fò, náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì FAA. Ilé ni kẹ́ ẹ ti parí ìyẹn.

Ẹlẹgbẹ́ nínú ọkọ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Lẹ́yìn tí wákàtí olùkọ́ bá ti pé, ẹlẹgbẹ́ yín tó ní ìwé àṣẹ hẹlikọ́pítà, bó tilẹ̀ jẹ́ private (ìwé àṣẹ awakọ̀ àdáni) lásán, tí medical (ìwé ìlera) rẹ̀ kò tíì kọjá àkókò, lè bá yín ṣọ́ ìta nígbà tẹ́ ẹ bá wọ ìbòjú tí kì í jẹ́ kẹ́ ẹ rí ìta. Ẹ jọ pín owó ọkọ̀ nìyẹn. Àmọ́ ẹ yẹ ọkọ̀ wò: wọ́n sábà máa ń yọ cyclic àti collective apá òsì kúrò fún èrò, òfin sì ní kó wà níbẹ̀. SFAR 73, òfin àkànṣe FAA nípa ẹ̀kọ́ lórí ọkọ̀ Robinson, kan gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ darí R22 tàbí R44. Ẹ béèrè nípa ìwé adójútòfò náà, torí iléèwé mìíràn kò gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì jọ fò láìsí olùkọ́. Ẹ kọ orúkọ ẹlẹgbẹ́ yẹn sínú logbook, ìwé àkọsílẹ̀ wákàtí ìfò yín, pẹ̀lú ibi àti irú ìsọ̀kalẹ̀ tẹ́ ẹ ṣe.

Olùkọ́: Ẹ ṣeun, àbúrò. Fún ìrìn àjò máìlì ojú òkun 100 tí òfin béèrè, ẹ yan pápákọ̀ tí wọ́n ní ìsọ̀kalẹ̀ ILS, VOR àti GPS (ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n fi ń tọ́ ọkọ̀ wálẹ̀) láàárín ara wọn, kẹ́ ẹ lè ṣe irú ìsọ̀kalẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ ìdánrawò mìíràn, ẹ bẹ àwọn tó wà ní radar kí wọ́n fún yín ní vectors (kí wọ́n máa sọ ibi tẹ́ ẹ máa kọjú sí) dípò kẹ́ ẹ máa rin gbogbo ọ̀nà. Ẹ gba ọjọ́ lọ́wọ́ ẹni tó máa dán yín wò ṣáájú kẹ́ ẹ tó ṣe wákàtí 3 ìparí nínú hẹlikọ́pítà pẹ̀lú olùkọ́: oṣù 2 tó ṣáájú oṣù ìdánwò ló gbọ́dọ̀ bọ́ sí, bí ọjọ́ bá sún kọjá ìyẹn, ẹ máa tún un san.