Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọkọ̀ ìjàpá tí mo pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ẹ̀ máa yege lọ́dọ̀ VIO, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, Abẹ́òkúta ni mo wà, níbí Láfẹ́nwá. Mo ní Volkswagen ìjàpá ọdún 1978, ti bàbá mi ni, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n tò ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó. Ẹ́ńjìnnì 1300 tó bá a wá ti kú, mo ti fi 1600 sí i, mo sì yọ dúrọ́ọ̀mù iwájú, bíréèkì dísìkì ló wà níbẹ̀ báyìí, ó ń dúró dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nọ́ńbà ṣáásí ṣì wà lábẹ́ síìtì ẹ̀yìn, ó hàn kedere, àmọ́ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì inú pépà ò bá tara ẹ̀ mu mọ́. Àwọn mẹkáníìkì ń sọ pé wọ́n fẹ́ mú àyẹ̀wò ọkọ̀ le sí i, pé irú èyí ò ní rí roadworthiness, ìwé tó ń fi hàn pé ọkọ̀ dára láti rìn lójú títì, gbà, ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí n sùn torí mi ò lè ta ọkọ̀ yìí láéláé. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ṣé affidavit àti rìsíìtì ẹ́ńjìnnì tó láti fi yí pépà padà, àbí ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?