Ẹ gbà mí o! Kí lẹ fi ń sàmì síbi tẹ́ ẹ bá dúró sí nínú outline?

ojo_ku_ola
Ẹ̀yin èèyàn mi ẹ kú iṣẹ́ o, kíá kíá ni mo nílò ìmọ̀ràn yìí. Fáìlì outline mi (àkọlé lórí àkọlé, tí èèyàn lè ká tàbí tú) ti gùn kọjá àlà, mo wá ká gbogbo àkọlé rẹ̀ pọ̀ kójú mi lè sinmi, bí mi ò ṣe rí ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ mọ́ nìyẹn. Ibi bíi mẹ́fà ni mò ń lọ tí mò ń bọ̀, àfi kí n máa tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Búkúmáàkì wo lẹ̀ ń lò? Ọ̀la ni mo máa fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ o.

Baba_Kibodu
Nínú Emacs, ètò tá a fi ń kọ fáìlì, C-x r m (C ni Ctrl), kọ orúkọ tó wù ẹ́, tẹ Enter. Tó o bá fẹ́ padà síbẹ̀, C-x r b. Tó o bá fẹ́ rí gbogbo wọn pa pọ̀, C-x r l, d lo máa fi sàmì sí èyí tó o fẹ́ yọ, x lo máa fi yọ ọ́. Ó tán.

alaafia_lo_ju
Ní ti èmi o, Ctrl+Shift+O ni mo máa ń tẹ̀ nínú Chrome, gbogbo búkúmáàkì ẹ á jáde, o lè wá kó wọn sínú fódà fódà. Ó dáa gan-an.

Baba_Kibodu
Ta ló ń sọ̀rọ̀ Chrome níbí?

omi_ti_danu
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbọ́ ti Baba_Kibodu o, èmi tó ṣẹlẹ̀ sí ni mò ń bá yín sọ̀rọ̀. C-x r m yìí náà ni mo lò, mo sàmì sí ibi tó lé ní ogójì, mo fún ìkọ̀ọ̀kan lórúkọ tó dáa, odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi pa Emacs torí pé mi ò fẹ́ kí ọwọ́ mi tutù, àfi bí bátìrì ṣe kú lójijì. Mo tan kọ̀ǹpútà padà, fáìlì mi wà níbẹ̀ pérépéré torí mò ń séèfù rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n mo tẹ C-x r l, òfìfo! Kò sí ẹyọ kan! Mo kàn jókòó tí mò ń wojú ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà, tẹ́nì kan bá ti dárúkọ búkúmáàkì, inú mi á kàn máa ru.

ewe_oju_omi
Haa! Ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn? Èmi náà ní bíi ogún síbẹ̀ báyìí o, ẹ jẹ́ kí n tètè lọ pa Emacs kí n tún un ṣí.

Baba_Kibodu
Ẹ má dẹ́rù ba àwọn èèyàn. Ìgbà tó o bá ń pa Emacs ló máa ń kọ búkúmáàkì sínú fáìlì tiẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Kọ (setq bookmark-save-flag 1) sínú init ẹ, fáìlì tí Emacs máa ń kà tó bá ń ṣí, gbogbo ìgbà tó o bá ti sàmì kan ló máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Tàbí kó o tẹ s nígbà tó o bá wà nínú àkójọ wọn.

omi_ti_danu
Ọ̀gá, ta ló sọ ìyẹn fún mi nígbà yẹn? Kí ló dé tí kò fi rí bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀? Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ibo ló ti fẹ́ mọ̀?

Baba_Kibodu
C-h v tó ń ṣàlàyé irú ètò bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ọwọ́ ẹ kọ́ ni kíbọ́ọ̀dù wà?

kekere_lasejo
Ẹ fi búkúmáàkì sílẹ̀, rẹ́jísítà ló yá jù. C-x r SPC a, o ti sàmì nìyẹn. C-x r j a, o ti padà. Lẹ́tà kan péré, kò sí orúkọ tí èèyàn ń kọ.

omi_ti_danu
Ìyẹn gan-an ló burú jù! Tó o bá ti pa Emacs báyìí ó ti lọ nìyẹn, kò tiẹ̀ dúró de bátìrì.

kekere_lasejo
Ọ̀la ló fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ kẹ̀. Ṣé títí ayé ló fẹ́ máa lò ó ni?

lẹ́tà_nlá
Ẹ̀yin èèyàn yìí ẹ máa ń yá mi lẹ́nu. Ta ló sọ fún yín pé Emacs ló ń lò? Tó bá jẹ́ Vim, ètò ìkọ̀wé mìíràn, ma ló máa fi sàmì, `a ló máa fi padà, lẹ́tà kékeré wà fún inú fáìlì kan, mA fún èyí tó máa ti fáìlì kan bọ́ sí òmíràn. :marks ló máa kó gbogbo wọn jáde.

ojo_ku_ola
Ẹ má bínú, Emacs ni, Org ni, apá tó wà fún outline nínú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jà. Tí mo bá fò lọ síbẹ̀ tí àkọlé ẹ̀ sì wà ní kíká, ṣé ó máa tú u fún mi?

Iya_Outline
Á tú u, àbúrò, Org máa ń ṣe ìyẹn fúnra ẹ̀. Ohun tí wọn ò sọ fún ẹ ni pé ibi tí kọ́sọ̀ wà àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó yí i ká ni búkúmáàkì máa ń rántí, kò mọ àkọlé ẹ. Tó o bá ṣe àtúnṣe díẹ̀ síwájú ẹ̀, á ṣì wá a kàn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kó o gé odindi orí kan lọ sínú fáìlì mìíràn, ibi àtijọ́ ló máa mú ẹ lọ. Líǹkì tó ń pe àkọlé lórúkọ, bíi [[*Orí Kẹta]], yí orúkọ orí náà padà kó o wò ó, kò ní rí i mọ́. M-x org-id-get-create (M ni Alt) ni kó o ṣe lórí àkọlé kọ̀ọ̀kan, á fún un ní ID, àmì ìdánimọ̀ tiẹ̀, ID yẹn á máa bá a lọ síbi tó bá ń lọ. Wá ṣí àkọlé kan sókè pátápátá nínú fáìlì, kó líǹkì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà síbẹ̀. C-c C-o lo máa fi wọlé, C-c & lo máa fi padà. Bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyẹn, mi ò sì tíì kábàámọ̀.

afefe_tuntun
Kó gbogbo ẹ̀ lọ sínú Obsidian, ètò ìkọ̀wé mìíràn. Wọ́n ní Bookmarks níbẹ̀, o lè sàmì sí àkọlé tààrà, á sì máa hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

kekere_lasejo
Ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ máa pé lọ́la, lo ní kó kó ẹrù lọ sílé tuntun lóru òní?

omi_ti_danu
Kó máa kó lọ, ó ṣáà dáa ju bátìrì tó kú lọ.

Baba_Kibodu
O ò ní gbàgbé bátìrì yìí láéláé.

ojo_ku_ola
Ẹ ṣeun gan-an, Màmá Outline, mo ka tiyín lẹ́ẹ̀mejì, ó wù mí, ṣùgbọ́n ojú mi ti ń pọ́n. Ohun tí mo ṣe ni pé mo kàn kọ @@ sí ibi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, C-s @@ ni mo wá ń tẹ̀ láti wá wọn, mò ń fò láti ọ̀kan sí èkejì. Kò sóhun tó ń sọnù.

Baba_Kibodu
Gbogbo àlàyé tá a ṣe látàárọ̀!

Iya_Outline
Kò burú náà. M-s o, kó o kọ @@, gbogbo wọn á tò jáde pọ̀. Ṣùgbọ́n rántí yọ wọ́n o.

ojo_ku_ola
Ẹ kú àná o. Mo ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́. @@ márùn-ún ni mo yọ.