Éékà kan l'Àgbádárìgì: àgbọn kúkúrú ni kí n gbìn àbí gíga?

Ọmọ Àjàrá: Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Bàbá mi fi ilẹ̀ éékà kan sílẹ̀ fún mi lápá Àjàrá, àgbọn ibẹ̀ ti gbó, òmíì ti kú lóòró, mo fẹ́ tún un gbìn. Ẹni tó ń ta irúgbìn ní kí n ra kúkúrú torí ọdún 3 sí 4 ló fi ń so, pé gíga á gbà tó ọdún 6. Àmọ́ àdí àgbọn ni mo fẹ́ máa ṣe, owó kékeré táwọn tó ń gbé ọkọ̀ wá kó àgbọn ń dá lé e ń dùn mí gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n ṣe?

Ìyá Alágbọn: Àbúrò, tó bá jẹ́ àdí, má gbin kúkúrú nìkan o. Omi ẹ̀ dùn, ó dáa fún mímu, ṣùgbọ́n ẹran inú ẹ̀ ò lọ́ràá tó ti gíga. Àgbọn gíga tó ti lo bí oṣù 11 sí 12 lórí igi, tóo mì ín létí tóo gbọ́ omi nínú ẹ̀, 12 sí 15 ni mo ń lò kí n tó rí lítà kan. Èyí tí wọ́n bá ká ní tútù, wàá rin ín títí apá á máa ro ẹ́, omi funfun lásán lo máa fún jáde. Tóo bá rin èyí tó gbó, tóo fún omi ẹ̀ tán, dà á sínú ike tó mọ́, dé e di ọjọ́ kejì, ọ̀rá á léfòó, omi kíkan á wà nísàlẹ̀, ọ̀rá yẹn lo máa bù sórí iná tí ò le. Iná líle ló ń jẹ́ kó pọ́n kó máa rùn, oníbàárà ò sì ní padà wá.

Àgbẹ̀ Etíkun: Òótọ́ ni màmá sọ. Tẹ́ ẹ bá fi mítà 9 sáàárín gíga, éékà kan á gba bí 55, ẹ máa gbin ẹ̀gẹ́ sáàárín ẹ̀ kó tó so. Èèpo líle inú ẹ̀, ẹ má dà á nù o, èédú ẹ̀ dáa gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gé àwọn tó kú yẹn, kẹ́ ẹ sun ún! Kòkòrò dúdú oníwo tó ń ba àgbọn jẹ́ yẹn, inú ìtì tó ti rà ló ń yé sí, tó bá ti wọ ọkàn igi kékeré, ewé tó ń yọ á dà bí ẹni pé wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé e. Wáyà ni mo fi ń yọ ọ́ láràárọ̀.

Ọmọ Àjàrá: Ẹ ṣé mà, ẹ ṣé sà. Ìtì méje ló wà níbẹ̀, lọ́la ni màá wá alágbàṣe tó ní ayùn. Gíga ni màá gbìn, kúkúrú á wà ní ẹsẹ̀ ilé.