Ó ń rẹ lésà mi lọ́sàn-án: ibo ni kí n ti wọn ooru rẹ̀?

Ọmọ Oníṣọ̀nà, Ìbàdàn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Lésà aláwọ̀ búlúù, 450 nm, wáàtì 10, ni mo fi ń gé plywood fún souvenir òde. Láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń gba orí igi 3 mm tó fi ń gé já. Tí òrùn bá ti mú, igi kan náà, eré kan náà, kò ní já mọ́. Mo na tẹmómítà oníbọn sí heat sink rẹ̀ (irin tó ń gba ooru kúrò lára lésà), ó ní 34°C. Ṣé ooru ni àbí nǹkan mìíràn? Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kì í sọ bí òun ṣe gbóná tó.

Bàbá Wáyà: 34 kẹ̀? Irọ́ ni tẹmómítà yẹn ń pa fún ọ. Irin tó ń dán kì í tú ìtànṣán ooru jáde bó ṣe yẹ, ooru inú yàrá tó ń dán padà lára rẹ̀ lo kà yẹn. Lẹ téèpù dúdú táwọn oníwáyà ń lò mọ́ ọn, jẹ́ kí téèpù náà gbóná dọ́gba pẹ̀lú irin, kí o tún un wò. Pa iná lésà kí o tó sún mọ́ ọn, kí o sì wọ gúgù tó bá 450 nm mu. Ojú ò ní spare part.

Ooru ni o. Ó ju ìdajì iná tí dáyóòdù yẹn, ìyẹn ohun tó ń mú ìmọ́lẹ̀ lésà jáde, ń jẹ tó ń di ooru. Bó sì ṣe ń gbóná ni iná tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ kó tó tàn ń pọ̀ sí i. Iye iná kan náà ni dráífà, ìyẹn ohun tó ń fún dáyóòdù níná, ń fún un látàárọ̀ dalẹ́, ìmọ́lẹ̀ á wá dín kù.

Ọmọ Oníṣọ̀nà: Ẹ ṣé gan-an sà. Mo lẹ téèpù náà, 52°C ló kà! Inú yàrá wà ní 33.

Àǹtí Lẹ́ǹsì, Manchester: Àbúrò, ara irin lo wọ̀n, dáyóòdù gangan gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ìwé rẹ̀ sọ pé 3°C ni wáàtì ooru kọ̀ọ̀kan ń fi kún un, tí ooru tó ń jáde sì jẹ́ wáàtì 8, 24°C nìyẹn. 52 di 76. Kò sí ẹni tó lè ki tẹmómítà bọ inú ibẹ̀, ṣírò là ń ṣírò rẹ̀.

Ra thermistor 10k (ohun kékeré tí ìdènà iná rẹ̀ ń dín kù bó ṣe ń gbóná; 10k ni ohm ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ní 25°C), èyí tí B rẹ̀, nọ́ńbà tó ń sọ bí ìdènà náà ṣe ń yára dín kù sí, jẹ́ 3950. Fi gọ́ọ̀mù tó ń gbé ooru lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin tó di dáyóòdù mú, má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ètí heat sink níbi tí fáànù ti ń fẹ́ sí i. Ní 50°C, á fi bíi 3.6k hàn, ní 60°C, bíi 2.5k. Kì í ṣe ooru irin nìkan ni kí o máa wò o, yọ ooru yàrá kúrò nínú rẹ̀. Tìẹ jẹ́ 19 lónìí. Bí ìyàtọ̀ yẹn bá ń ga sí i lórí iṣẹ́ kan náà, fáànù tàbí eruku ni. Bí kò bá yí padà tí igi ò sì já, wo lẹ́ǹsì: èéfín plywood kì í ṣeré. Bí lẹ́ǹsì bá mọ́, a jẹ́ pé dáyóòdù ti ń darúgbó.

Akin Arduino: Kó tiẹ̀ kàn ra KSD9700 ti 60°C (súìṣì kékeré tí ooru ń ṣí), kó so ó mọ́ wáyà iná tó ń wọlé. Tó bá gbóná jù, á já a fúnra rẹ̀.

Bàbá Wáyà: Tó bá tutù ńkọ́? Á tún tan ara rẹ̀ láàárín iṣẹ́, ibi tí orí lésà bá dé ni yóò ti máa jó igi lọ, èyí tó fò kọjá ti fò kọjá. Igi ti bàjẹ́ nìyẹn, ó sì léwu bí ènìyàn bá ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kó so ó mọ́ ohun tó máa ké, kó fọwọ́ ara rẹ̀ pa á.

Akin Arduino: Òótọ́ ni sà. Mi ò ronú dé bẹ̀.

Tádé Gíláàsì: Ẹ fi Peltier, pátákó kékeré tó ń fi iná mú nǹkan tutù, sí i, kó tutù bíi fíríìjì.

Àǹtí Lẹ́ǹsì, Manchester: Nínú ọ̀rinrin tiyín lásìkò òjò? Bẹ́ẹ bá mú un wá sí 18°C, omi á sẹ̀ sára lẹ́ǹsì bó ṣe ń sẹ̀ sára ìgò mínírà. Lóòótọ́, lésà irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1962, inú nitrogen olómi ló ti ṣiṣẹ́, ní nǹkan bíi -196°C. Ó di 1970 kí wọ́n tó rí èyí tó ń tàn láìdáwọ́ dúró nínú yàrá lásán. Ṣùgbọ́n plywood là ń gé níhìn-ín.

Ọmọ Oníṣọ̀nà: Mo tú fáànù, èéfín àti ìyẹ̀fun igi ti dí i pa. Mo fọ̀ ọ́, mo nu lẹ́ǹsì. 45 ló ń kà báyìí nínú yàrá 33. Ó ń já, àmọ́ mo ṣì ń dín eré rẹ̀ kù díẹ̀ lọ́sàn-án. Ibo ni mo ti lè rí thermistor yẹn rà?

Akin Arduino: Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta spare part 3D printer. Àmọ́ 100k ni tiwọn sábà máa ń jẹ́, nítorí náà mú mítà dání. Bí ọjà bá gbóná tó 30°C, 10k tòótọ́ á kà bíi 8k, má bá wọn jà pé ayédèrú ni.