Ẹ wá sọ ìrírí yín: ọkọ̀ ìjà tí kò ní páàtì, oúnjẹ sójà tí owó rẹ̀ kò tètè jáde

Ọmọ Sóbí

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu gbé ètò ìṣúná 2025 lọ síwájú àwọn aṣòfin, ₦4.91 tírílíọ̀nù ló kà sílẹ̀ fún ààbò ìlú. Ó pọ̀ létí. Àmọ́ tí ẹ bá fi ₦1,500 ṣẹ́ ẹ sí dọ́là kan, kò ju bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là lé díẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ dọ́là là ń san fún ọ̀pọ̀ ohun ìjà. Owó oṣù àwọn sójà àti ọlọ́pàá sì tún wà nínú ẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń pèsè nǹkan fáwọn ológun, tàbí tó ti bá wọn ṣòwò rí, kó jọ̀ọ́ sọ ohun tó fojú ara rẹ̀ rí. Ibo ni owó yìí ń gbà lọ? Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Bàbá Wọ́kíṣọ́ọ̀bù, Ìṣánlú-Ìsin

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀ka EME ni mo ti ṣiṣẹ́ sójà mi, àwa là ń tún ọkọ̀ àti ìbọn ṣe. Ìlọrin ni mo ń gbé lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ, mo sì ti ń sọ ọ́ látìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́: iye tí a fi ra ọkọ̀ ìjà kì í ṣe iye rẹ̀. Ìnáwó rẹ̀ gan-an ni páàtì, epo, taya, bátìrì, àti ẹni tó mọ̀ ọ́n tú tó sì mọ̀ ọ́n tò, fún gbogbo ọdún tí yóò lò lọ́wọ́ wa. Àwọn tó ń bójú tó ìṣúná kì í fẹ́ gbọ́ apá ibẹ̀ yẹn, torí kò ṣeé yà ní fọ́tò.

Ní ibùdó kan tí mo ti ṣiṣẹ́, ìlà ọkọ̀ kan wà lẹ́yìn wọ́kíṣọ́ọ̀bù wa, gbogbo wọn jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Ọta kankan kò bà wọ́n. Ọ̀kan ń wá ọ́ìlì síìlì, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, òmíràn ń wá pọ́ọ̀ǹpù. A kọ̀wé béèrè. Ìwé náà ń lọ láti tábìlì kan sí òmíràn, nígbà tí èsì fi dé, owó ọdún yẹn ti tán, wọ́n ní ká kọ òmíràn. Iṣẹ́ kò sì lè dúró, nítorí náà a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ páàtì lára ọkọ̀ kan fi tún èkejì ṣe. Ọ̀gá wa, olóòótọ́ èèyàn, ní ká kọ gbogbo ohun tí a bá yọ sílẹ̀ ká lè dá a padà. A kọ ọ́. Kò sí ohun tí a ó fi dá a padà. Ọkọ̀ tí ọ́ìlì síìlì nìkan ń dà láàmú tẹ́lẹ̀, kò pẹ́ tó fi di egungun.

Oríṣiríṣi tó wà nílẹ̀ ló jẹ́ kó le tó bẹ́ẹ̀. Vickers àti Scorpion láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, T-55 láti Rọ́ṣíà, Panhard láti Faransé, Steyr láti Austria, MOWAG láti Switzerland, lẹ́yìn náà Otokar Cobra láti Tọ́kì, àti VT-4 tó ti Ṣáínà dé ní 2020. Gbogbo wọn ni Nàìjíríà ti rà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní sípánà tirẹ̀, ìwé ìtọ́nisọ́nà tirẹ̀, àti ilé iṣẹ́ kan ní òkè òkun tí páàtì rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ wá. Mẹ́kánìkì tó lo ọdún mẹ́ta fi mọ ọ̀kan dáadáa, bí wọ́n bá gbé e lọ síbòmíràn, yóò bẹ̀rẹ̀ láti ABD. Orílẹ̀-èdè tó lówó ju tiwa lọ pàápàá kò ní fẹ́ gbọ́ bùkátà irú àgbájọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ ogun òfuurufú náà rí tiwọn. Bàálù Jaguar 18 la rà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì lórí àdéhùn ọdún 1983, Makurdi ni wọ́n kó wọn sí. Nígbà tó fi di 1991, wọ́n ti gbé gbogbo wọn kalẹ̀ torí pé owó ìtọ́jú kò sí. Bàálù ìjà tí kò tíì lò tó ọdún mẹ́wàá! Ó ṣì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ wá wo bàálù ìjà Super Tucano 12 tó dé ní 2021. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 500 dọ́là. Inú bí ọ̀pọ̀ èèyàn pé owó náà jáde ní 2018 kí àwọn aṣòfin tó fọwọ́ sí i, ìbínú wọn sì tọ́. Ṣùgbọ́n páàtì wà nínú owó yẹn, ọta wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ fún àwọn awabàálù àti àwọn tí yóò máa tún un ṣe wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ́ ibi tí yóò máa gbé sí Kainji, nítòsí New Bussa tó wà lábẹ́ Kwara wa títí di 1991. Ọjà tó pé nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni bàálù akẹ́rù C-130 tí a máa ń gbé lọ sí òkè òkun tẹ́lẹ̀ fún àtúnṣe ńlá: àwọn ọmọ wa ti ń ṣe é nílé báyìí.

Nígbà tí mo wà ní Liberia lásìkò ECOMOG, àwọn ọmọ ogun àpapọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọkọ̀ tí kò já wa kulẹ̀ ni Mercedes 911. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Enugu ni wọ́n ti ń to Mercedes nígbà yẹn, wọ́n ń to Steyr ní Bauchi, wọ́n ń to Leyland ní Ìbàdàn. Ọmọ tó kọ́ iṣẹ́ mẹ́kánìkì ní Ọ̀ffà ti mọ inú 911 bí ẹní mọ orúkọ bàbá rẹ̀ kó tó wọṣẹ́ sójà rárá. Páàtì wà lọ́jà, náírà la fi ń rà á. Lóde òní, mo rí i pé wọ́n ti ṣe òfin tuntun fún DICON ní Kaduna ní 2023, iléeṣẹ́ ohun ìjà tí ìjọba dá sílẹ̀ láti 1964, pé kó bá àwọn aládàáni da ọwọ́ pọ̀. Ẹ̀bẹ̀ mi sí wọn ni pé kí wọ́n má kọ́kọ́ lé ìbọn tuntun tí wọn yóò gbé ṣe àfihàn. Kí wọ́n ṣe bírékì. Kí wọ́n ṣe ọ́ìlì síìlì. Kí ọta tí a ń lò lójoojúmọ́ má wọ́n wa.

Alhaja Eléèlùbọ́, Ìlọrin

Bàbá, Ọlọ́hun á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Èmi kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀, oúnjẹ ni mo mọ̀.

Ní 2023, agbaṣẹ́ṣe kan wá bá mi lọ́jà Ìpàta pé òun gba iṣẹ́ oúnjẹ fáwọn sójà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ níta: ìrẹsì, ẹ̀wà, gàrí, òróró, àlùbọ́sà. Mo rí ìwé iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Àwìn ló fẹ́, oṣù kan ló dá fún mi. A kó ọjà lọ, wọ́n gbà á, wọ́n fọwọ́ sí i pé ó pé. Owó kò jáde títí ọdún fi yí. Kò sá fún mi o, ó ń gbé fóònù mi, ìgbà mìíràn a tiẹ̀ wá sílé wá bẹ̀ mí. Wọn kò san tirẹ̀ ni. Láàárín ìgbà yẹn, ẹ̀yin náà mọ bí náírà ṣe já: nígbà tí owó àpò ẹ̀wà kan fi wọlé sí mi lọ́wọ́, kò lè ra ìdajì àpò mọ́.

Nígbà tó padà wá fún ọjà mìíràn, iye méjì ni mo dá fún un, iye owó-lọ́wọ́ àti iye àwìn. Ti àwìn fi ìdá kan nínú mẹ́ta ju ti owó-lọ́wọ́ lọ. Ó gbà á bẹ́ẹ̀, ó fi èrè tirẹ̀ lé e, ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ̀wà kan náà, ọjà kan náà! Gbogbo àwa tí a ń bá wọn tà là ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ wa gbọ́dọ̀ jẹun. Torí náà bí wọ́n bá ń sọ pé owó kò tó, mo mọ apá kan ibi tó gbà lọ: owó ìdádúró ni. Ṣebí ètò ìṣúná 2024 ni wọ́n ṣì ń ná lọ nínú 2025 níbí.

Nǹkan kan tún wà. Ọmọ mi tó jẹ́ lọ́yà ka Òfin Ìrajà Ìjọba ti 2007 fún mi. Abala 15 rẹ̀ yọ àwọn ohun àkànṣe tó jẹ mọ́ ààbò ìlú kúrò lábẹ́ òfin náà, àyàfi tí Ààrẹ bá yọ̀ǹda. Mo gbà. A kò gbọdọ̀ máa kéde iye ọta fún ọ̀tá. Ṣùgbọ́n kí ni àṣírí tó wà nínú ẹ̀wà? Kí ni àṣírí tó wà nínú bẹ́ẹ̀dì, taya, ọṣẹ? Kí wọ́n ya èyí tó jẹ́ àṣírí sọ́tọ̀, kí wọ́n sì pè wá sí gbangba fún ìyókù, ká wá dá iye lé e lójú ara wa, kí wọ́n san án láàárín oṣù kan. Mo lè búra pé iye á wálẹ̀. Èmi náà á kọ́kọ́ gé tèmi.

Ẹ̀ṣọ́ Ìfẹ́lódùn

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀ṣọ́ ìlú ni mí. Ẹ mọ ohun tí ojú wa rí ní 2025: ní oṣù kẹsàn-án àwọn agbébọn pa àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ní Òkè-Òdè, ní oṣù kọkànlá wọ́n ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Eruku, wọ́n kó àwọn olùjọ́sìn lọ. N kò ní sọ púpọ̀ lórí ẹ̀, àwọn èèyàn wa ni.

Ìlú wa dáwó, àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun fi kún un, a ra ọkọ̀ kan fún ìṣọ́. Ẹnìkan tún fi òmíràn ta wá lọ́rẹ, irú rẹ̀ yàtọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbé wọn dé, ìlù, fọ́tò, àdúrà. Kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tí yóò máa ra epo. Àwọn obìnrin ọjà ló ń dá a fún wa títí di òní, àwọn tí ọjà gan-an kò tà fún. Èyí tí wọ́n fi ta wá lọ́rẹ ti dúró látìgbà tí gíà rẹ̀ ti bàjẹ́, wọ́n ní àfi ká dé ọjà páàtì Ládípọ̀ ní Èkó. Lóru ọjọ́ kan wọ́n pè wá láti abúlé kan, ọ̀kadà la gùn lọ, nígbà tí a fi débẹ̀ àwọn agbébọn ti gbé èèyàn lọ.

Bàbá, ìbéèrè mi nìyí. Ìgbìmọ̀ ìlú tún fẹ́ ra ọkọ̀ kẹta. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Bàbá Wọ́kíṣọ́ọ̀bù, Ìṣánlú-Ìsin

Ọmọ mi, ẹ kú ìfaradà. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín.

Kí wọ́n má rà á. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi owó yẹn tún èyí tó dúró ṣe. Bí gíà rẹ̀ bá wọ́n jù, kí wọ́n tà á, kí wọ́n fi kún un ra irú èyí tó ń ṣiṣẹ́, kí páàtì kan náà lè wọ méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n ya owó epo oṣù mẹ́fà sọ́tọ̀ sí àpò kan, kí àwọn ìyá yẹn lè sinmi. Ẹ ra fílítà, bẹ́líìtì, bátìrì kan àti taya méjì sílẹ̀, kí ẹ tì wọ́n mọ́ yàrá tó ní àgádágodo méjì, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ èèyàn méjì. Ìwé kan gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀: lítà epo, kìlómítà, orúkọ awakọ̀. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ máa yọ fílítà afẹ́fẹ́ ẹ gbọn ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, eruku ojú ọ̀nà yín yẹn ló ń pa ẹ́ńjìnì. Ọ̀kadà méjì tó dára sì wúlò fún inú igbó ju ọkọ̀ kẹta lọ.

Ẹ fa èyí tó dúró wá sí Àjàṣẹ́-Ìpo ní Sátidé, màá wá wò ó. N kò gba owó iṣẹ́, ẹ kàn ra páàtì. Kí ẹ kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnì àti ti gíà sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, torí òun ni wọn yóò béèrè ní Ládípọ̀ kí wọ́n tó gbé ohunkóhun fún yín.