“Arokàn” kọ́ ni lev

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n ní kí a yọ àyà àti ọkàn kúrò níbi gbogbo tí lev, ọ̀rọ̀ Hébérù fún ọkàn, bá ti jẹ yọ nínú Májẹ̀mú Láéláé, kí a fi “arokàn” tí wọ́n ṣẹ̀dá (ọkàn tó ń ronú) rọ́pò wọn, nítorí pé lev ni í ronú, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n n kò lè dákẹ́.

Ohun tí ẹ rí kò burú. Lev ni àwọn Hébérù fi ń ronú. Diutarónómì 29:4 to wọ́n tẹ̀ léra: lev fún mímọ̀, ojú fún rírí, etí fún gbígbọ́. Ẹni tí kò ní lev nínú Òwe 7:7 kì í ṣe ìkà, òmùgọ̀ ni, òun ni Bíbélì wa fi pè é ní ẹni tí òye kù fún. Hóséà 4:11 ní wáìnì a máa gba lev lọ. Ta ni kò mọ ohun tí ọtí ń gbà lọ́wọ́ ọ̀mùtí?

Ṣùgbọ́n ẹ wo a- tó bẹ̀rẹ̀ arokàn yẹn. A- inú apẹja ni. Ọ̀rọ̀-orúkọ tó bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe níbẹ̀, àbọ̀ ni; ẹja kọ́ ló ń pẹja. Bí ó bá jẹ́ rò àti ọkàn ló bí arokàn, ẹni tó ń ro ọkàn ni, kì í ṣe ọkàn tó ń ronú. Ẹ wá ní ohùn ni yóò yà á sọ́tọ̀ sí àròkàn. Ohùn wo? Ta ló ń fàmì sí i lórí fóònù? Kí ọmọ kan ka Òwe 4:23 láìsí àmì, “pa arokan rẹ mọ́”, àròkàn tí í mú ẹkún àsun-ùn-dá wá ni yóò kà síbẹ̀!

Yorùbá kì í rokàn, inú la ń rò. Bàbá bàbá mi kò kàwé kọjá Bíbélì, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń rán wa níṣẹ́, wọn a ní, “Fi ọgbọ́n inú ṣe é.” Lev tí Sólómọ́nì tọrọ gan-an nìyẹn.

Ẹ má sì bú Bísọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ tí odindi Bíbélì fi jáde ní 1884. Nínú Diutarónómì 6:5, nefesh, ọ̀rọ̀ Hébérù fún ẹ̀mí, ti gba ọkàn, ni wọ́n bá fún levav, tí í ṣe lev náà, ní àyà. Àyà yẹn bá ti Fáráò tó le mu dáadáa, nítorí ḥazaq, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí Hébérù lò níbẹ̀, agbára ló ń sọ, Yorùbá náà sì ń pe ẹni tí kì í bẹ̀rù ní aláyà. Ohun tó dùn mí ni pé wọn kò dúró lójú kan. Sáàmù 51:10 ní “dá àyà títun sínú mi”, 14:1 ní aṣiwèrè wí ní ọkàn rẹ̀, lev sì ni méjèèjì.

Ẹ wo Máàkù 12:30 níbi tí Gíríìkì ti fi dianoia, ìrònú, kún kardia, ọ̀rọ̀ tiwọn fún lev. Kí ni Bíbélì wa pe dianoia yẹn? Inú. Ó ti wà nílé, kí la tún ń ṣẹ̀dá?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ní kíndìnrín, tí Hébérù lò níbẹ̀, ti gba inú nínú Jeremáyà 17:10, “èmi ni ń dán inú wò”. Èmi kò gbà. Léfítíkù 3:4 ti pe kíndìnrín ní iwe (ohùn àárín méjì o, kì í ṣe ìwé). Ẹ fún un ní iwe rẹ̀, kí ẹ dá inú padà fún lev.